Fóòmù Tó Wà Léjìká Kábíyèsí

Ẹ má dìde, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà yẹn, mi ò wá jẹun, mi ò wá ṣeré, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní ni Ọ̀gá mi dá fún mi, aago mẹ́fà géérégé, kó tó fa ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀, kí n mú orúkọ ẹni tó tú àṣírí èjìká Kábíyèsí wá fún un, tàbí kí n wá kó àlùmọ́gàjí mi àti téèpù mi, kí n máa lọ sílé wa, kí n gbàgbé pé mo kọ́ṣẹ́ ìránṣọ rí. Ọdún márùn-ún! Ó ku oṣù kan péré kí n parí iṣẹ́! Ọdún márùn-ún tí mo fi ń gbálẹ̀, tí ìka ẹsẹ̀ mi ń bá mi wá abẹ́rẹ́ tó bọ́, tí mo ń fi áyọ̀ọ̀nù jó ọwọ́ ara mi, tí ìwé tí mo mọ̀ kò ju kí n kọ ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n ìbàdí lọ, àmọ́ ẹ gbé aṣọ síwájú mi, màá sọ irú ẹni tó rán an fún yín, màá sọ bóyá inú ń bí i lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan wá fi àwòrán ẹyọ kan gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Kí lẹ fi ìgbọ̀nwọ́ bò lórí tábìlì yẹn?

Kò kàn mí. Ó dáa.

Ẹ ti rí ìwé ìròyìn àná, àbí? Ẹ ò tíì rí i. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ọṣẹ! Ó dáa, èmi náà á ṣe bí ẹni tó gbà, màá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí àlejò tó ń júwe ilé fún onílé. Kábíyèsí tí wọ́n rọ̀ lóyè lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló wà níbẹ̀, wọ́n yà á ràgàjì bí tìmùtìmù tó jókòó sórí ìtẹ́, èjìká ẹ̀wù oyè rẹ̀ ti ya, fóòmù ń tú jáde, àwọn ọmọ kéékèèké ń fà á bí ẹni ń fa ìfun adìyẹ, ọkùnrin kékeré kan wá yọrí láti ọrùn ẹ̀wù yẹn, ó tín-ín-rín, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń wọ̀tún wòsì bí òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já èèpo ẹyin. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé KÁBÍYÈSÍ TÌMÙTÌMÙ, ÈYÍ NI À Ń TẸRÍ BA FÚN? Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ya èèrà kékeré kan, torí Èèrà ni ẹni tó ń ya àwọn àwòrán yẹn ń pe ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Ta ni ò ní rẹ́rìn-ín? Ṣebí ọba yẹn ló ní kí wọ́n gé gbogbo okùn tí à ń sá aṣọ sí ní òpópónà wa nítorí pé ọkọ̀ òun ń kọjá, tí kò fẹ́ kí ojú òun rí pátá ẹnikẹ́ni. Ẹrẹ̀ ni Màámi ti lọ ṣa aṣọ wọn. Mi ò gbàgbé. Mo rẹ́rìn-ín, mo pe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n wá wò ó, àfìgbà tó wá yé mi pé fóòmù ni wọ́n yà sí èjìká yẹn. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Torí àwa mẹ́rin péré la mọ̀ pé Kábíyèsí kò léjìká. Kábíyèsí fúnra rẹ̀, Olorì tó ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, Ọ̀gá mi tó wọ̀n ọ́n, èmi tí mo rán fóòmù sí èjìká ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀gá mi ní òfin kan tó ti wà kí n tó débẹ̀: ohun tí téèpù bá rí, téèpù ni kó gbé e mì. Ẹni tí ikùn rẹ̀ wú, ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Nínú ìwé ìwọ̀n wa, a ò tiẹ̀ kọ orúkọ Kábíyèsí, "kọ́tìnnì yàrá ìgbàlejò" la kọ síbẹ̀. Ẹ gbà mí! Ọdún mẹ́ta la fi pe odidi ọba ní kọ́tìnnì kí àṣírí rẹ̀ má baà tú.

Mo kọ́kọ́ fura sí alágbàfọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tó bá gbé aṣọ wá. Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo dúró tì í nídìí omi gbígbóná, mo ní kó wò mí lójú. Ó ní ẹ̀wù yẹn kò dé ọ̀dọ̀ òun rí, pé Olorì ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, àwọn ará ààfin tiẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni. Ahun kọ́ o, obìnrin yẹn ń bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí ni. Mo fura sí awakọ̀, awakọ̀ ti padà sí ìlú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ku Rédíò. Ẹ mọ Rédíò, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tá a jọ wà nídìí maṣíìnì, bèèyàn bá sín níwájú ọmọ yẹn, kó tó nu imú, àdúgbò kejì ti ń kí i pẹ̀lẹ́. Mo ní òun ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo pè é ní olófòófó lójú Ọ̀gá àti lójú oníbàárà mẹ́ta, ọmọ ọlọ́mọ sunkún títí ó fi fi etí aṣọ oníbàárà nu imú. Kò mọ nǹkan kan! Rédíò tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ gidi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ ọmọ yẹn, mi ò tíì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ wá nǹkan lábẹ́ tábìlì, mo ń rí yín.

Ẹkún Rédíò ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá kan wọlé. Bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lásán, kò sí fìlà lórí, èjìká rẹ̀ bí ìkọ́ tí à ń fi aṣọ kọ́ sára ògiri. Obìnrin kan tó wá ṣẹ́ etí kọ́tìnnì sọ fún un pé, "Bàbá, ìlà wà o, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ jí láàárọ̀." Ó ní kó má bínú. Ó lọ tò sẹ́yìn. Ó tò, Bọ̀ọ̀dá mi! Ó tò tó ìdajì wákàtí, ó gbé báàgì ráńpẹ́ kan sáàárín ẹsẹ̀, ó ń wo bí mo ṣe ń wa maṣíìnì bí ọmọdé tó dé ìdí iṣẹ́ oníṣẹ́. Nígbà tó kàn án, Ọ̀gá mi ò gbójú sókè, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ rán, Bàbá?" Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó fọwọ́ ra á kó lè dọ́gba bí aṣọ tí a fẹ́ gé, ó ní, "Mi ò fẹ́ rán nǹkan. Mo wá béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀ èjìká mi fún wọn ni."

Maṣíìnì mẹ́fà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin oníkọ́tìnnì kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀ ìlàjì, torí ta ló mọ ibi tó yẹ kí orúnkún dé fún ọba tí wọ́n ti rọ̀ lóyè? Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu Ọ̀gá mi, méjì ni mo rí tó yọ jáde, mo ṣì ń ro ti ìkẹta.

Ó ní lọ́la, láago mẹ́wàá, òun ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó rọ òun lóyè láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gba ilé tí wọ́n bí òun sí, pé tóun bá wọ ẹ̀wù yẹn bó ṣe wà, èjìká òun ni wọ́n á máa wò, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu òun. Ó yọ ẹ̀wù náà nínú báàgì, ó ní ká tú èjìká rẹ̀ lójú òun. Ọ̀gá mi na abẹ fẹ́lẹ́ sí mi.

Mo tú u. Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì, ó kọ̀! Èjìká ọ̀tún jáde, fóòmù funfun tuntun, ó mọ́ tónítóní. Èjìká òsì jáde, Ọ̀gá mi wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ìlà búlúù, ìlà funfun, ìlà búlúù, ojú jíjó kan wà láàárín rẹ̀ tó rí bí ewé. Kábíyèsí mú un. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó gbóòórùn rẹ̀! Ó ní, "Ọmọ ta ló tọ̀ sí èyí?"

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ikọ́ fi mú un, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i pé èyí ló wà léjìká mi lọ́jọ́ tí mo dúró lórí òkè tí mo ń sọ fún wọn pé ọmọ kìnnìún ni mí." Mo fẹ́ káàánú rẹ̀. Mo ti fẹ́ káàánú rẹ̀ tán, ìgbà náà ló gbé fóòmù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, ó fi ìka tọ ìlà inú rẹ̀, ó fi tọ ìlà ara fóòmù, ìlà kan ò yẹ̀ lára èkejì, ojú jíjó tó rí bí ewé náà ò yẹ̀. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ya èyí ti fọwọ́ kan èjìká mi rí. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ yẹn ni mi ò fẹ́ràn. Ọba tí kò lẹ́ṣọ̀ọ́ mọ́, kí ló fẹ́ fi orúkọ èèyàn ṣe? Ọba tí wọ́n lé lónìí, ta ló búra pé wọn ò ní dá a padà lọ́túnla?

Bó ṣe jáde, Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó ní, "Fóòmù yìí tilé yín wá. Ọ̀rọ̀ náà tilé yín jáde. Aago mẹ́fà."

Ẹ ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ má wulẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà, mo ti tì í látinú. Bàtà tí ẹ ń fẹsẹ̀ wá, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wà nínú àpò mi látìgbà tí mo ti wọlé, torí mo mọ̀ yín, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, fèrèsé lẹ máa ń bá jáde.

Ta ló jó bẹ́ẹ̀dì yẹn? Mo ní ta ló jó o? Ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ wà, ẹ gbé àbẹ́là lé e lórí, ẹ ń ya tísà yín onímú gbọ̀ọ̀rọ̀, àbẹ́là ṣubú, ẹ da omi mímu mi sí i kí iná lè kú, ilẹ̀ wá mọ́, bẹ́ẹ̀dì tutù rinrin, ẹ yí i dojú dé kí Màámi má baà rí ibi tó jó, ẹ ní kí n sọ pé èmi ni mo tọ̀ sí i. Mo gbà! Ọmọ ọdún mẹ́rin, mo gba ìtọ̀ tí mi ò tọ̀ sọ́rùn, Màámi nà mí, ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ń jẹ búrẹ́dì. Ó ṣeé ṣe kí n tọ̀ sí i lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn kọ́ là ń sọ! Èèyàn mélòó ló mọ ojú jíjó yẹn láyé? Èmi àti ẹ̀yin. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ò fo ìlà kan, ẹ ya ewé yín síbẹ̀ bí ẹni fọwọ́ síwèé. Ẹ tún wá ya èèrà sábẹ́ rẹ̀! Kí lẹ tún ń fi èèrà ṣe?

Mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń rán ẹ̀wù yẹn, iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá wà lájò, ẹ̀wù gbọ́dọ̀ dé ààfin lọ́jọ́ Mọ́ńdè, fóòmù tuntun kò sì tó èjìká méjèèjì. Mo ṣe ohun tí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe, mo gbé aṣọ oníbàárà wá sílé. Màá sọ ọ́ fún Ọ̀gá lẹ́nu ara mi. Àmọ́ ta ni mo bá nílé tó wá jẹun ọ̀sán? Ta ló ní, "Bẹ́ẹ̀dì Màámi rèé, gé e níbi ẹsẹ̀, wọn ò ní mọ̀"? Ta ló di fóòmù mú fún mi bí mo ṣe ń gé e, tí mi ò sì fura sí i torí pé ọmọ ìyá mi ni? Màámi ò tíì mọ̀ dòní! Wọ́n ní eku ni, wọ́n ti ra oògùn eku lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹsẹ̀ wọn ń yọ síta bíi ti ẹni tó sùn sórí àga, torí kí ọba lè ní èjìká. Ẹ ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè. Mo búra. Ẹ̀yin ò búra! Ìsinsìnyí lọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi. Èmi nìkan lẹ ní kí n búra.

Ẹ má sọ fún mi pé ìlú lẹ ń jà fún. Ṣíọ̀! Nígbà tó wà lórí oyè, ta ló yà á sára ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́? Ẹ ya igbáàyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ fi kìnnìún sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ń rìn káàkiri pé ọwọ́ yín ni. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ta ni ìgbìmọ̀ pè kó wá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́? Ẹ̀yin náà! Ọ̀dà ò tó, ó ku bàtà rẹ̀ méjèèjì lára ògiri títí di òní, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ń fẹ̀yìn ti ibẹ̀ bí ẹni pé Kábíyèsí dúró lẹ́yìn wọn. Bí erin bá ṣubú, gbogbo ọ̀bẹ ní í yọ, mo gbọ́, àmọ́ ọ̀bẹ tiyín yìí, inú ilé wa lẹ ti pọ́n ọn. Mi ò ní kí ẹ má yà á. Ẹ yà á! Ẹ ya okùn tí wọ́n gé. Ẹ ya Màámi nínú ẹrẹ̀. Èyí tí gbogbo wa fojú rí lẹ bẹ̀rù láti yà lọ́jọ́ tó lágbára, ẹ wá lọ mú èyí tí téèpù mi gbé mì, ẹ fi ọwọ́ fà á jáde lọ́fun mi.

Ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ yín.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé e. Ọ̀kadà tí yóò wá gbà á lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn ń bọ̀ láago mẹ́fà náà, àbí? Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ lórí fóònù kí n tó kanlẹ̀kùn. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn tipẹ́. Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè yọ́ wo nǹkan ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí n wò ó.

Háà.

Èmi rèé. Èjí mi rèé, ẹ tiẹ̀ ṣe é gbàgàdà bí ẹnu géètì. Mo jókòó sídìí maṣíìnì, Kábíyèsí kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ń dúró kí n fún un léjìká, Màámi jókòó sórí irin bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wá fóòmù. ẸNI TÓ DÁ ỌBA. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ mi nìyẹn. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí Kábíyèsí tó dé iwájú ìgbìmọ̀, gbogbo ìlú ì bá ti mọ èjí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ẹ fẹ́ tún sọ pé èmi ni mo tọ̀ sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ tiẹ̀ ya ẹsẹ̀ mi lódì. Ọdún márùn-ún tí mo fi wa maṣíìnì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń wà níwájú lórí pẹ́dàlì, ẹ lọ fi òsì síwájú, ẹ wo orúnkún, ó dà bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà! Hẹ̀! Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló ń pa mí, mi ò fẹ́ rín in, ẹ wo Màámi, ẹ wo irun wọn... Ẹ má rẹ́rìn-ín! Èmi nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Aago márùn-ún ti kọjá ìṣẹ́jú ogún. Èjìká Kábíyèsí ti ṣófo, èjìká tí wọ́n bí mọ́ ọn ló máa gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ lọ́la. Orúkọ tí Ọ̀gá mi ń wá, èmi kọ́ ni màá sọ ọ́, mi ò sì ní sọ ọ́ létí Kábíyèsí láéláé, ẹnu yín ni Ọ̀gá máa ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú Rédíò. Lẹ́yìn ìyẹn ni èmi náà máa sọ ti aṣọ tí mo gbé wálé, ìyà tó bá wà níbẹ̀, tèmi ni. Tí a bá kúrò lọ́hùn-ún, a ó kọjá sọ́dọ̀ Màámi, wọn ò gbọ́dọ̀ ra oògùn eku ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Àwòrán yìí wà lábẹ́ apá mi, ọlọ́kadà máa bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹsẹ̀ bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ yín, ìkejì wà lọ́wọ́ mi. Màá fi í fún yín tí a bá dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ṣíwájú.